Ilé Oúnjẹ Tó Gba Ipò Kìíní Láìsí Ìkòkò Lórí Iná

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí TripAdvisor lórí fóònù rẹ̀ láti mọ ilé oúnjẹ tó dára jù lọ ní London, orúkọ tí yóò kọ́kọ́ rí ni The Shed at Dulwich. Ilé oúnjẹ tó wà nínú ìtò náà lé ní 18,000, gbogbo wọn pátá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Dulwich kò sì jìnnà sí àwa ará Peckham rárá. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì 37 ní Peckham, East Dulwich ni yóò gbà kó tó dé Brixton. Síbẹ̀, kò sí ará àdúgbò kan tó lè nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ yìí, nítorí kò sí níbì kankan. Kò ní alásè, kò ní agbáwo, kò sí oníbàárà kan tó ti fi ẹnu kan oúnjẹ níbẹ̀ rí. Ahéré onípákó kan ní ẹ̀yìnkùlé ni, ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé.

Ìtàn yìí kì í ṣe àlọ́. Ẹni tó ṣe é ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Mo mú un wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé nítorí pé fóònù ló ń mú àlejò rìn ní ìlú ńlá báyìí. Àbúrò yín tó ń bọ̀ láti Èkó wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì wọ bàálù tó ti mọ ibi tí yóò ti jẹun, ibi tí yóò ti ya fọ́tò, ibi tí yóò ti ra bàtà. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń gbé Peckham láti ọjọ́ pípẹ́ ló bi. Àwọn tí kò mọ̀ rí, tí wọn kò sì ní fojú kan ara wọn láéláé, ló lọ bá. Ó yẹ kó gbọ́ ìtàn Dulwich kó tó gba ìmọ̀ràn wọn.

Oobah Butler ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kó tó máa kọ̀wé fún ìwé ìròyìn orí ayélujára Vice, iṣẹ́ kan wà tó ti ṣe rí. Àwọn tó ni ilé oúnjẹ yóò fún un ní pọ́ùn 10, òun yóò sì kọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa wọn sórí TripAdvisor bí ẹni tó jẹun lọ́dọ̀ wọn tó sì yó. Kò dé ibẹ̀ rí. Kò mọ̀ bóyá iyọ̀ já ọbẹ̀ wọn tàbí kò dé e rárá. Ó ń kọ ọ́ ni, ó ń gba owó rẹ̀, ó sì ń fojú ara rẹ̀ rí i bí ọjà àwọn ilé oúnjẹ náà ṣe ń yí padà sí rere. Nígbà tó yá, ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀ sí í jà á lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbé ilé oúnjẹ ga, ṣé dandan ni kí ilé oúnjẹ ọ̀hún wà?

Oṣù Kẹrin ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn. Ó ra fóònù kékeré kan ní pọ́ùn 10, kó lè ní nọ́ńbà tí wọn yóò máa pè. TripAdvisor béèrè àdírẹ́ẹ̀sì. Orúkọ òpópónà nìkan ló kọ, kò fi nọ́ńbà ilé sí i, ó ní ẹni tó bá ti gba ààyè sílẹ̀ nìkan ni àwọn ń gbà lálejò. Ó ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Dípò kó to orúkọ oúnjẹ síbẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ènìyàn ló tò: ìfẹ́, ayọ̀, ìtùnú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò kò ní sọ pé adìyẹ tàbí ẹja lòun fẹ́ jẹ. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí ni yóò sọ, wọn yóò sì gbé oúnjẹ tó bá a mu wá.

Ó wá ku fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí á sún mọ́ àwọn fọ́tò náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti kọ́kọ́ tan ọkàn jẹ. Àwo mímọ́ ni, ewé tútù díẹ̀ wà létí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sí i bó ṣe yẹ. Ohun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ óò pè ní ìpara wàrà, ìfófòó ọṣẹ tí àwọn ọkùnrin fi ń fá irùngbọ̀n ni. Ohun roboto tó jókòó láàárín àwo, hóró búlíìṣì tí wọ́n ń jù sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ohun tó ń dán yanran lára oúnjẹ, ọ̀dà ni. Ó tún ya fọ́tò kan tí ẹyin díndín tẹ́ sórí ohun kan tó dà bí ẹran: ẹsẹ̀ Butler fúnra rẹ̀ ni ẹyin náà wà. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi sẹ́nu nínú púpọ̀ nínú wọn láìṣàìsàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti rí nínú fọ́tò, itọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dà lẹ́nu ẹni.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, TripAdvisor gbà á wọlé. Ipò 18,149 ló bẹ̀rẹ̀ sí, ìyẹn ni pé òun ló gbẹ̀yìn ní gbogbo London. Butler wá bẹ àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìyìn. Ó ní kí kálukú lo ẹ̀rọ tirẹ̀, kí àwọn tó ń ṣọ́ oníjìbìtì ní TripAdvisor má bàa fura. Ọ̀kan kọ ọ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ròyìn alẹ́ tí kò ṣú rí àti oúnjẹ tí kò jiná rí, wọ́n sì fi ìràwọ̀ márùn-ún dé e lórí.

Lọ́jọ́ kan, fóònù pọ́ùn 10 yẹn dún. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ló ń pè. Ó ní òun ti gbọ́ nípa ilé oúnjẹ wọn, òun sì mọ̀ pé èrò máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n ṣé àwọn lè rí àga gbà lálẹ́ ọjọ́ náà? Àyà Butler já. Ó dáhùn pé kò sí ààyè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì pa fóònù. Ẹni náà kò bínú. Àwọn mìíràn tún pè. Bó ṣe ń sọ pé kò sí ààyè ni wọ́n túbọ̀ ń wá, nítorí ohun tí ọwọ́ kò tó ló máa ń dùn jù lójú ọmọ aráyé. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi parí, ó ti wà ní ipò 156. Àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ọjà wọn ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè bá wọn lò ó. Àwọn kan ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àlejò ń dá àwọn ará òpópónà dúró, wọ́n ń béèrè ọ̀nà ilé oúnjẹ tí kò sí. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ó dé orí.

Butler wá rò ó pé òun yóò ṣí ilẹ̀kùn fún alẹ́ kan ṣoṣo. Ó to tábìlì sí ẹ̀yìnkùlé, ó wá àwọn ọ̀rẹ́ tí yóò jókòó bí oníbàárà tí wọn yóò máa rẹ́rìn-ín tí wọn yóò máa yin oúnjẹ. Ó kó adìyẹ sínú àgò. Ó ní kí ẹnì kan máa fi ẹ̀rọ gbé ariwo ilé ìdáná jáde, kí ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé alásè ń ṣiṣẹ́ gidi nínú ahéré. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ìtajà Iceland, ó ra oúnjẹ inú páálí, irú èyí tí ènìyàn kàn ń gbé sínú microwave, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn kan péré. Ó dà á sínú àwo, ó já ewé díẹ̀ lé e.

Àwọn àlejò gidi dé. Tọkọtaya kan wà nínú wọn tó wá láti Amẹ́ríkà, àlejò London ni wọ́n. Ẹ ro ó wò. Wọ́n wọ bàálù kọjá òkun, wọ́n dé ìlú tó kún fún oúnjẹ oríṣiríṣi láti gbogbo orílẹ̀-èdè lábẹ́ ọ̀run, fóònù sì mú wọn gba gbogbo rẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni láti jẹ oúnjẹ inú páálí. Àwọn kan lára àlejò alẹ́ náà jẹun tán, kí wọ́n tó lọ, wọ́n béèrè bóyá yóò rọrùn fún àwọn láti tún rí ààyè gbà nígbà mìíràn.

Ìbéèrè yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ìtàn náà. Pé ènìyàn gba irọ́ gbọ́ nígbà tí kò tíì débẹ̀, ìyẹn kò ṣòro láti yé ni. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí débẹ̀. Wọ́n fi ojú rí i, wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ti kà ló borí ohun tó wà lẹ́nu wọn. Àwọn baba wa ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n àfikún kan ti dé sí i lóde òní: bí ìròyìn bá ti pọ̀ jù ṣáájú, kì í jẹ́ kí a rí ohun tó wà níwájú wa mọ́.

Àwọn baba wa tún sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní Dulwich, òtítọ́ kò lé irọ́ bá. Ẹni tó pa á ló dúró, tó yíjú padà, tó sì jẹ́wọ́ nínú Vice ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Bí kò bá jẹ́wọ́ ńkọ́? TripAdvisor fèsì pé àwọn akọ̀ròyìn tó fẹ́ dán àwọn wò nìkan ló máa ń dá ilé oúnjẹ tí kò sí sílẹ̀, pé kò sí èrè fún ẹlòmíràn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ èrè wà fún ẹni tó ní ilé oúnjẹ gidi tó sì fẹ́ ra ìyìn tí kò tọ́ sí i. Iṣẹ́ tí Butler fi ń gba pọ́ùn 10 tẹ́lẹ̀ kúkú nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jáde wá jẹ́wọ́.

Àwa ará Peckham ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé jù, nítorí a ti rí ohun tí ẹnu àjèjì lè fi àdúgbò ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ wa Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, orúkọ Peckham di ohun ìbẹ̀rù káàkiri Britain. Àwọn tí kò tẹ òpópónà Rye Lane wa rí ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n má ṣe gba ibẹ̀. Ní ọdún 2000 kan náà ni ilé ìkàwé Peckham ṣí, tó sì gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn tó ga láàárín àwọn ayàwòrán ilé ní Britain. Ìròyìn ibi ló rìn jìnnà jù.

Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ yí padà. Ní ọdún 2007, àjọ oníṣẹ́ ọnà Bold Tendencies bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ iṣẹ́ ọnà sí àwọn àjà òkè ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́bàá Rye Lane. Ní 2009, Frank's Cafe ṣí sórí òrùlé níbẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè wo àárín gbùngbùn London lọ rẹrẹ. Ní 2016, wọ́n kun àtẹ̀gùn ibẹ̀ ní àwọ̀ pínǹkì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì di ibi tí èrò Instagram ń wọ́ lọ láti ya fọ́tò. Ní 2023, fíìmù Rye Lane jáde. Àdúgbò tí wọ́n ń sá fún wá di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú òkèèrè ń sáré wá. Mo dúpẹ́ fún un, nítorí èrò ni ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn èrò náà ń gbà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Peckham Rye, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tẹ̀ lé e títí dé ìdí àtẹ̀gùn pínǹkì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n mu ọtí lórí òrùlé, wọ́n padà. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ìyá tó pàtẹ ata rodo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá. Wọ́n gba iwájú búkà tí ìyá kan ti ń ro àmàlà láti àárọ̀ kọjá, nítorí fóònù kò dárúkọ rẹ̀. Ìyá yẹn kò ráyè ìràwọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìkòkò. Àmàlà òun gbẹ̀gìrì kì í sì í dára nínú fọ́tò bíi kéèkì. Ìfófòó ọṣẹ Butler dára jù ú lọ nínú fọ́tò. Ibi tí irọ́ orí ayélujára ti ń pa olódodo lára nìyí: kò ní láti bà á lórúkọ jẹ́, kó ṣáà ti gba iwájú rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan, kì í sì í ṣe London nìkan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú jáde sí òpópónà O'Connell ní Dublin láti wo ayẹyẹ Halloween. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan tí wọ́n ń ṣe láti Pakistan ló kéde rẹ̀, TikTok sì gbé e kiri. Wọ́n dúró, dúró, kò sí ohun tó kọjá. Ọlọ́pàá ló wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ sílé, kò sí ayẹyẹ kankan. Ní oṣù Kẹwàá yẹn kan náà, àwọn ará London kan lórí Reddit tí èrò ti dí ibi tí wọ́n fẹ́ràn láti máa jẹun mọ́ wọn lọ́wọ́ fi ẹnu kò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin ilé oúnjẹ Angus Steakhouse tó wà ní Leicester Square lọ́nà àrà, kí àwọn àlejò lè máa lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì fi ibi tiwọn sílẹ̀. Àwọn onílùú ni, wọ́n mọ ìlú wọn dáadáa, síbẹ̀ ìmọ̀ràn wọn kì í ṣe fún àǹfààní àlejò. Nítorí náà, kò tó kí a mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ ibẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ohun tó ń wá.

Ìjọba pàápàá ti dá sí i. Òfin kan tí ilé aṣòfin Britain ṣe ní 2024 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ó ka kíkọ ìyìn èké àti rírà á léèwọ̀. Bí wọ́n bá fún ènìyàn lówó tàbí ẹ̀bùn kó tó kọ ọ̀rọ̀ ìyìn, wọn kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Àjọ Competition and Markets Authority lè bu owó ìtanràn fún ilé iṣẹ́ tó bá rú u, owó náà sì lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó ń wọlé fún wọn kárí ayé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè tẹ̀ lé àbúrò yín láti Heathrow dé ìdí tábìlì. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni yóò bá a débẹ̀.

Ọgbọ́n ọ̀hún kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹ dúró nídìí àtẹ iṣu ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń rà á. Wọn yóò gbé e wò bóyá ó wúwo, wọn yóò tẹ orí rẹ̀, wọn yóò fi èékánná họ ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti ń jẹrà nínú. Bí ọkàn wọn kò bá balẹ̀, wọn yóò ní kí ẹni tó ń tà á gé e. Bó ti wù kó polówó tó, ọwọ́ wọn ni wọ́n gbà gbọ́. Bí a ṣe ń ra iṣu ni kí a máa ka ìràwọ̀. Ta ló kọ ọ́? Kí ni ẹni náà tún ti kọ rí? Ṣé ó dárúkọ ohun tó jẹ, iye tó san, ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àbí ìyìn ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀? Ṣé òpópónà yẹn ní nọ́ńbà ilé? Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí mo mọ̀ tó ti débẹ̀? Bí ẹ bá ní ìbátan ní Peckham, ẹ pè é. Ẹni tí ẹ lè padà lọ bá lọ́la láti bi pé kí ló dé tí ẹ fi rán mi síbẹ̀, ìmọ̀ràn rẹ̀ wúwo ju ti ẹgbẹ̀rún ẹni tí kò lójú lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí tún kan àwa tí a ń kọ̀wé sórí ayélujára. Àwọn ọ̀rẹ́ Butler kì í ṣe ọ̀daràn. Wọ́n ṣe ọ̀rẹ́ wọn lóore ni. Oore bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Àbúrò wa ṣí ilé oúnjẹ, ó fi líǹkì sórí WhatsApp ẹbí, ó ní kí gbogbo wa fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Àwọn kan wà ní Adó-Èkìtì, àwọn kan ní Houston, wọn kò tíì fojú kan ìkòkò rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò láfiwé. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n àlejò tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn kò mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, búkà tiwa tó dára ni wọn yóò bá wí pẹ̀lú èyí tí kò dára. Bí a bá fẹ́ ran àbúrò wa lọ́wọ́, kí a lọ jẹun níbẹ̀, kí a san owó, kí a sọ fún un níkọ̀kọ̀ bí ata bá pọ̀ jù.

Àwọn ìyá tí ọwọ́ wọn wà nínú ìkòkò, tí kò ráyè polówó ara wọn, àwa la jẹ wọ́n ní gbèsè. Bí ẹ bá jẹ àmàlà ní Peckham tó sì dùn, kí ẹ tó dìde, ẹ kọ ọ́ sórí fóònù yín. Ẹ dárúkọ ibẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ àti iye tí ẹ san, ẹ sì fi orúkọ ara yín sí i. Bí ẹ kò bá tíì jẹ ẹ́, ẹ má ṣe kọ ohunkóhun.